Ọjọ́ Tí A Gbé Tẹlifíṣọ̀n Lọ Yan Káàdì Àwòrán

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo kọ́ bí a ṣe ń yan káàdì àwòrán, èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà tí ó ń ya ohun tí à ń rí lójú gíláàsì. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, mi ò sì rò pé ẹ̀kọ́ irú rẹ̀ tún kù fún mi.

Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni ọkọ mi. Nígbà tí ojú rẹ̀ di bàìbàì, dókítà ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Ọmọ wa obìnrin ló gbé kọ̀ǹpútà wá sílé wa ní Ìwòrò fún un, pẹ̀lú géèmù kan tí ènìyàn ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìlú dé ìlú. A so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá inú pálọ̀, nítorí ìyẹn nìkan ni ojú rẹ̀ ká. Bàbá tún di awakọ̀. Bí ó bá ń gun òkè, a kì í bá a sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ wa pè pé géèmù náà ń bọ̀ lọ́tun, àwòrán rẹ̀ wúwo gan-an, káàdì wa kò ní lè gbé e. Ọkọ mi ní kò burú, òun ti wakọ̀ tó láyé. Ṣùgbọ́n mo rí i pé kò tan kọ̀ǹpútà náà mọ́.

Mo bi ọmọ wa pé kí ló kéré lára káàdì yìí. Ó ní mẹ́mórì ni. Mo ní a ní mẹ́mórì púpọ̀, ṣebí fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ pátá ló wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ti ìkópamọ́ nìyẹn, káàdì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Pátákó ìkọ̀wé ló jẹ́ kó yé mi: bí pátákó bá kéré, olùkọ́ á máa nù ún kó tó kọ òmíràn, àwọn ọmọ á sì máa dúró.

Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Mòrógbó. Ó fi káàdì kan tí mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ gíìgì mẹ́jọ hàn mí, iná aláràbarà ń tàn lára rẹ̀. Lójú gíláàsì kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, díẹ̀ nínú géèmù tuntun náà, tí àwọn tó ṣe é ti kọ́kọ́ gbé jáde fún ìdánwò, ń lọ geere. Mo béèrè bóyá bákan náà ni yóò rí lójú tẹlifíṣọ̀n wa. Ó ní ìyàtọ̀ díẹ̀ lè wà, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan.

Mo fẹ́ fojú rí ohun tí kò tó nǹkan yẹn. Gílóòbù lásán, a kì í rà á láìtàn án wò ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kejì, a fi aṣọ ìbora wé tẹlifíṣọ̀n, a tẹ́ ẹ sẹ́yìn mọ́tò, a sì gbé kọ̀ǹpútà wa tì í.

Aládùúgbò wa obìnrin, ọmọ ìlú Àpá, yọjú lórí ògiri. “Tíṣà, ṣé owó ìfẹ̀yìntì ò wọlé mọ́ ni? Ẹ fẹ́ ta tẹlifíṣọ̀n?”

Ọkọ mi dá a lóhùn. “Kò sẹ́ni tó fẹ́ tà á. Ìdánwò ló ń lọ ṣe.”

Èmi ni mo wakọ̀. Títí a fi dé Mòrógbó ni ọkọ mi ń tọ́ mi sọ́nà, tí mo ń sọ fún un pé ẹni tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú ni awakọ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù ti tan géèmù ìdánwò náà sílẹ̀. Ó so káàdì gíìgì mẹ́jọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa. Ó kọ́kọ́ dára. Nígbà tí ọkọ̀ wọ ìlú, àwòrán ń dúró, ó ń fò, ilé dà bí amọ̀ tútù. Ọkọ mi ti kọjá àmì ojú ọ̀nà kí ìkọ̀wé ara rẹ̀ tó hàn. Oníṣọ́ọ̀bù na ìka sí igun àwòrán, níbi tí iye mẹ́mórì ti ń hàn: ó ti kún. Ó wá gbé òmíràn jáde, gíìgì mẹ́rìndínlógún. Kò ní iná lára, ó sì wọ́n jù ú lọ. Ìyẹn wọ ìlú náà láìdúró, àyè sì ṣẹ́kù.

Ọkọ mi gbé ohun tó fi ń wa ọkọ̀ inú géèmù sílẹ̀. “Tíṣà, ra mẹ́jọ. Ọdún mélòó ni ojú yìí tún fẹ́ lò, tí o fi ń ra ti ọjọ́ iwájú?”

Mo wò ó, mo wo tẹlifíṣọ̀n.

“Bí ojú yín bá ń dín kù, àwòrán la ó máa fi kún un,” ni mo wí. “Mẹ́jọ ti kún lónìí. Ibo la ó ti rí àyè fún ti ọ̀la?”

Ọkọ mi kọjú sí oníṣọ́ọ̀bù. “Bá wa di mẹ́rìndínlógún. Tíṣà ti máàkì ìdáhùn mi, mo kùnà.”

Mo ṣì béèrè bóyá àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà wa yóò lè bọ́ ọ, àti bóyá gígùn rẹ̀ yóò wọlé. Oníṣọ́ọ̀bù wọ̀n ọ́n, ó ní yóò wọlé, iná rẹ̀ yóò sì tó. Géèmù tuntun náà ti dé báyìí, ọkọ mi sì ti padà sí ojú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi gíláàsì ẹlòmíràn yan káàdì ilé yín. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹ́kù lẹ́yìn tí géèmù òní bá ti jẹun yó. Bí ẹ bá sì ní àgbàlagbà nílé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe àwáwí láti ra ohun tí yóò tán lónìí.