Ìbéèrè Tó Ní Ìdáhùn Mẹ́rin

Ìyá Kọ́mà kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló fún un lórúkọ náà, nítorí pé bí ọmọ kan bá ń kàwé níwájú rẹ̀ tó sì sáré kọjá ibi tí kọ́mà wà, á ké mọ́ ọn pé, "Dúró níbẹ̀, kí o mí!" Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ń fi pè é nínú ilé.

Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Yàrá náà kéré, àwọn ọmọ sì fún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì bí ìṣáná inú páálí. Òrùlé ń jò sí ibi tó yẹ kí tábìlì tíṣà wà, ló bá gbé tábìlì tirẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò lè máa bá òjò du ìjókòó. Aláwàdà ni. Ó lè bá ọmọ wí kí ọmọ náà máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí à ń wí yìí, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìdánwò ìgbéga ló fà á. Ọ́fíìsì ètò-ẹ̀kọ́ ló ń fi ìdánwò náà ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-ìwé. Ọmọ kì í kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á bi í ní ìbéèrè, wọ́n á to ìdáhùn mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, láti A títí dé D, ọmọ á sì fi pẹ́ńsù kun róbótó tó wà níwájú èyí tó bá gbà pé ó tọ́. Ẹ̀rọ ló ń máàkì í. Ẹni tó bá yege á bọ́ sí kíláàsì kẹfà, ẹni tó bá fìdí rẹmi á padà lọ jókòó síbi tó ti dìde.

Èsì kò tíì pẹ́ lára ògiri tí obìnrin kan fi já wọlé. Télọ̀ ni, ẹ̀yìn ilé-ìwé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Téèpù ìwọnṣọ ṣì ń fì lọ́rùn rẹ̀, ó sì fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́.

"Tíṣà, kí lẹ ti ń fi ọmọ mi ṣe látọdún yìí? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́! Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè mí tẹ́ ẹ ní kò sí ẹni tó lè kàwé tó o nínú kíláàsì yín? Òun ló ń ka ìwé tí àwọn oníbàárà mi bá fi ránṣẹ́ fún mi. Òun náà ni wọ́n wá kọ pé kò mọ Gẹ̀ẹ́sì yìí? Àbí ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Ìyá Kọ́mà yíjú sí ọmọ náà. Ọmọ náà ò pariwo. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀ wàrà ni, ó sì tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni pé bàtà ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ní gbangba ìta, ariwo ayọ̀ ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ gbé ọmọkùnrin kan sókè tí wọ́n ń pè ní Agbábọ́ọ̀lù, wọ́n ń fi í jó káàkiri. Agbábọ́ọ̀lù ti yege, ó sì wà lára àwọn tó gbẹ̀yẹ. Bẹ́ẹ̀, Ìyá Kọ́mà mọ̀ dájú pé ọmọ náà ò lè ka gbólóhùn kan dópin. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dá a dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ, tí wọ́n á jọ máa tú lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

"Bẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ò lè kọ́ ọ," télọ̀ tún sọ, "ẹ bá ti wí fún mi, ǹ bá ti mú un jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ." Ó fa ọmọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ojú kọ́kọ́ ti Ìyá Kọ́mà. Ó ní bóyá lóòótọ́ ni òun ò mọ̀ ọ́n kọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ gba ìwé ìbéèrè, ìdáhùn tí wọ́n fi máàkì rẹ̀ àti ìwé tí àwọn ọmọ kùn lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì pe ọmọ télọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Má bẹ̀rù. Sọ fún mi ìdí tó o fi mú èyí tó o mú."

Ìbéèrè kan ní kí ọmọ mú òdìkejì 'old'. 'Young' wà níbẹ̀, 'new' náà sì wà níbẹ̀. Ọmọ náà ti mú 'new', wọ́n sì ti fún un ní òdo.

"Bàtà ló wá sí mi lọ́kàn, Mà," ni ọmọ náà wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé bàtà tó gbó, 'old' ni, bàtà tí kò gbó, 'new' ni. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," Ìyá Kọ́mà dáhùn. Ohùn rẹ̀ ti ń yí padà.

Wọ́n tún ṣí ojú ewé kejì. Wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé, ìyá ń se oúnjẹ nínú kí ni? Wọ́n wá to ilé, ìkòkò, àgbàlá àti ilé ìdáná. Ọmọ náà ti mú ìkòkò. Òdo. Ìyá Kọ́mà wò ó títí. Ó wo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, ó wò wọ́n bọ̀, kò sí èyí tí kò tọ́ nínú wọn. Lábẹ́ ìyẹn, wọ́n ya àwòrán kan, wọ́n ní kí ọmọ sọ irú ẹyẹ tó jẹ́. Àwòrán náà ti ṣú dúdú nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé débi pé bí ẹnì kan bá ní eku ni, kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn.

Ó ní kí ọmọ náà máa lọ ṣeré, ó wá pe Agbábọ́ọ̀lù.

"Ìwọ ńkọ́? Báwo lo ṣe mọ̀ pé 'young' ni kí o mú?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Èyí tó gùn jù ni mo máa ń mú, Mà."

"Èyí tó gùn jù báwo?"

"Èyí tí wọ́n bá kọ gùn jù. Òun ló máa ń tọ́. Bí gbogbo ẹ̀ bá wá gùn bákan náà, mo máa ń mú C."

Ìyá Kọ́mà fi ìdáhùn ọ́fíìsì wé ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, ìbéèrè kan lẹ́yìn òmíràn. Ọmọ náà kò purọ́. Bí ìdáhùn bá ti gùn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun ni ọ́fíìsì fi àmì sí. Ẹni tó kọ ìdánwò náà ti fara balẹ̀ kọ èyí tó tọ́, ó wá da àwọn yòókù síbẹ̀ ṣákálá bí ẹni ń da ìdọ̀tí nù.

Agbábọ́ọ̀lù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, ṣé wọ́n máa ń ní kéèyàn kàwé sókè ní kíláàsì kẹfà?"

Ibẹ̀ ni ìtìjú ti kúrò lára Ìyá Kọ́mà, tí ìbínú gba ipò rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ti rẹ́ jẹ. Wọ́n ní kí ẹni tó mọ̀wé padà sẹ́yìn, wọ́n sì ti ẹni tí kò mọ̀wé sínú odò kó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ ń fá pákó lọ́wọ́. Ó rò ó fún un, ohùn rẹ̀ ń ròkè sí i. Káfíńtà ní, "Ìyá Kọ́mà, dúró níbẹ̀, kí o mí."

"N ò mí!" ló dá a lóhùn. "Ẹ máa fá pákó yín!"

Káfíńtà rọra fà sẹ́yìn, ó ń fá pákó rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá tó ń rí sí ìdánwò ní ọ́fíìsì ètò-ẹ̀kọ́ kì í ṣe àjèjì sí Ìyá Kọ́mà. Wọ́n jọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọkùnrin náà sì wà ní kíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Ìyá Kọ́mà wọlé bá a, fáànù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, òdòdó oníke wà lórí tábìlì, tíì sì ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi! Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ máa mu tíì?"

"N ò wá mu tíì." Ó tẹ́ ìwé ìbéèrè síwájú rẹ̀. "Ẹ kà á."

Ọkùnrin náà kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àǹtí mi, ta ni ò mọ̀ pé ilé ìdáná ni wọ́n ti ń se oúnjẹ?"

"Ṣé ilé ìdáná tiyín ò sí nínú ilé ni? Àbí ẹ̀yin kì í lo ìkòkò? Ọwọ́ lẹ fi ń gbé ìrẹsì lé iná?"

"Ẹ̀rọ ló máàkì í, Mà. Ẹ̀rọ ò mọ ọmọ ẹnì kan, ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú."

"Kò ní ṣojúsàájú, ojú wo ló ní? Ohun tẹ́ ẹ bá fi sí i lẹ́nu ló ń pọ̀ jáde! Ọmọ wo lẹ fi dán ìbéèrè yìí wò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́?"

Ẹnu ya ọkùnrin náà. "Ọmọ kẹ̀? Ìdánwò ló ń dán ọmọ wò, Àǹtí mi, ọmọ kì í dán ìdánwò wò."

"Aṣọ lásán, wọ́n ń wọ̀ ọ́ wò kí wọ́n tó rán an tán! Ẹ̀yin ò jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo kẹ́ ẹ bi í pé, kí ló dé tó o mú eléyìí?"

"Ẹ ṣe sùúrù. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì."

"Orí tó mì kọ́ nìyí. Orí tó já bọ́ ni!"

Ọ̀gá ìdánwò dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sún mọ́ ọn. Ó ní, "Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, ẹ fún mi lórúkọ ọmọ télọ̀ yẹn. Màá tún tiẹ̀ ṣe. Ó ti yege nìyẹn. Kó parí síbẹ̀ láàárín èmi pẹ̀lú yín."

Ìyá Kọ́mà rí ojú ọmọ náà nínú ọkàn rẹ̀, ó rí omi tó ń dà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà sì fẹ́ wọ̀ ọ́ létí. Kí ló kù? Kó dárúkọ, kó máa lọ sílé. Ìgbà tó wá ronú kan àwọn ọmọ tó mú 'new' ní ilé-ìwé yòókù, tí kò sí tíṣà kankan tó bi wọ́n léèrè ìdí, ara rẹ̀ gbóná láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn gbàgà.

"Ẹ fẹ́ fi ọmọ kan dí mi lẹ́nu!" Ohùn tó fi ń kó ọmọ wọlé láti pápá ló lò, gbogbo kọ̀rídọ̀ sì gbọ́ ọ. "Àwọn yòókù ńkọ́? Àwọn tí kò sí ẹni tó máa bá wọn pariwo ńkọ́?"

Àwọn akọ̀wé yọjú láti yàrá wọn. Ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà, ìyá kan tó wọ gíláàsì, jáde láti inú ìpàdé. "Kí ló dé? Ṣé ọjà nibí ni?"

"Ẹ má bínú, Mà," Ìyá Kọ́mà ní. "Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Kí ni òdìkejì 'old'?"

"'New' ni," ọ̀gá àgbà dáhùn, kò tilẹ̀ rò ó.

"Ẹ ti fìdí rẹmi, Mà. Ẹ ò lè bọ́ sí kíláàsì kẹfà."

Akọ̀wé kan fi fáìlì bo ẹnu. Ọ̀gá ìdánwò ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó gba ìwé náà, ó kà á lórí ìdúró, ó ṣí i sí ẹ̀yìn, ó tún kà á. Nígbà tó gbójú sókè, ọ̀gá ìdánwò ló wò, ó ní, "Wá bá mi nínú ọ́fíìsì."

Ìyá Kọ́mà fi gbogbo àléébù rẹ̀ hàn wọ́n, títí kan ti ìdáhùn tó gùn jù, wọ́n yọ àwọn ìbéèrè tí kò dáa kúrò, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ máàkì. Ọmọ télọ̀ bọ́ sí kíláàsì kẹfà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn. Ìyá rẹ̀ kò wá tọrọ àforíjì. Ó kàn ránṣẹ́ pé kí tíṣà mú aṣọ rẹ̀ tó bá ti ya wá, òun á bá a rán an. Ìyá Kọ́mà ní òun ò ní aṣọ tó ya.

Ọ̀gá ìdánwò kò kúrò lórí àga rẹ̀. Wọ́n fi Ìyá Kọ́mà sínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìbéèrè wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ọkùnrin náà pín búrẹ́dì àti tíì, ó ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìbéèrè ọdún tó ń bọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ìyá Kọ́mà ní òun ò ní fọwọ́ sí ohun tí ọmọ kankan ò tíì fojú rí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ẹnì kan ní agídí ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ó dá a lóhùn pé, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ilẹ̀ ṣú, kò fọwọ́ sí i, gbogbo wọn sì fi ìbínú túká.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí nǹkan bà jẹ́ fún. Nígbà tí wọ́n tún un máàkì, Agbábọ́ọ̀lù jábọ́. Ó padà sí kíláàsì karùn-ún, kò sì kí Ìyá Kọ́mà mọ́. Tó bá rí i lókèèrè, á ya bàrá gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà dá a dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n fìdí rẹmi," ọmọ náà sọ. "Èmi ni mo sọ àṣírí mi fún yín, ẹ wá lọ fẹjọ́ mi sùn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Kọ́mà ju ti télọ̀ lọ. Ó ní, "Mi ò dárúkọ rẹ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ tí mo lọ jà fún ló dá ọ padà sẹ́yìn. Máa bínú sí mi. Èmi náà ń bínú. Wọ́n fẹ́ rán ẹ lọ síwájú lọ́wọ́ òfo ni, mi ò sì gbà."

Ó ṣí ìwé, ó tì í sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà wo ìwé náà bí ẹni ń wo ọ̀tá. Ó pẹ́ kó tó fi ìka lé e, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ń fi ohùn líle já ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bá a jà. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, ó pòṣé, ó padà sẹ́yìn, ó mú un. Ìyá Kọ́mà kò ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ewé, kò gbójú sókè, kò sì dúró gba ìyìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ewé tó kàn.