Ọjọ́ tí Béjidé Dọ̀bálẹ̀ fún Fèrè

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Béjidé nígbà tó dọ̀bálẹ̀ fún fèrè.

Òṣogbo ni. Ọdún Ọ̀ṣun ni. Èrò kún títì láti Ọjà Ọba débi tí ojú mọ. Béjidé nà gbalaja, àyà lu ilẹ̀. Àwa tó kọ́ níṣẹ́ rí i, àwa náà nà. Èrò rí wa, wọ́n ní, "Kábíyèsí dé!" Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. Kábíyèsí kò sì sí níbẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ tíì jáde láàfin.

Ìròyìn náà dé ìjọ Béjidé kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, láti Ìwàrà, Mẹ́tọ́díìsì paraku. Àwọn àgbà ìjọ ránṣẹ́ pè é.

"Béjidé, a gbọ́ pé o dọ̀bálẹ̀ níbi ọdún Ọ̀ṣun. Ta lo dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Fèrè."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Òrìṣà wo ló ń jẹ́ Fèrè?"

Béjidé ti kú. Bó bá wà láàyè ni, kò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí. Tirẹ̀ gùn, ó sì dùn. Tèmi kúrú. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe, n ò kàwé kọjá ìwé kẹta. Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn, ṣe ni mo máa ń di àpò mi mú.

Gáàdì rélùwéè ni Béjidé kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló ń dúró lẹ́yìn ọkọ̀, tó ń ju àsíá, tó ń fọn fèrè. Nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó dá àsíá padà, kò dá fèrè padà. Ọrùn ló ń so ó mọ́. Bí oúnjẹ bá pẹ́, á fọn ọ́n nínú pálọ̀. Làbákẹ́, ìyàwó rẹ̀, á dáhùn láti ìdí ààrò: "Bàbá Abíọ́lá, ẹ mú sùúrù! Ọkọ̀ yìí ò tíì kún!"

Làbákẹ́ yìí ló fa gbogbo rẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ni. Ìgbà tó bí Abíọ́lá ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé lọ́dọọdún, òun á fẹsẹ̀ ara òun rìn lọ sódò lọ́jọ́ ọdún. Lọ́dún tí ogun Bìáfíra parí, níbi kọ́nà kan lẹ́yìn Ọjà Ọba, èrò tì í lulẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Egungun jinná, ṣùgbọ́n orúnkún kò ká mọ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Kò lè dúró nídìí odó gún iyán mọ́, ni Béjidé bá ń jẹ ẹ̀bà. Ìjẹ̀ṣà ni o! Kò ráhùn lọ́jọ́ kan. Ó kàn ń rù ni.

Ọdún tún sún mọ́lé. Gbogbo ilé ní kí Làbákẹ́ jókòó. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ló dá, ẹ̀jẹ́ mi ò dá."

Béjidé bẹ̀ ẹ́. Ó fi Bíbélì bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ó wá yé Béjidé pé bí èrò bá tún rí bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá, wọ́n á tẹ obìnrin yìí pa ní kọ́nà yẹn. Apá rẹ̀ kò ká ìyàwó rẹ̀. Ó rò pé bóyá apá òun á ká ìlú.

Ó lọ bá àwọn àgbà àdúgbò, ó ní òun fẹ́ kó àwọn èèyàn jọ, kí òun kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èrò lọ́jọ́ ọdún. Ó ní nítorí ìlú ni. Wọ́n ní kó dán an wò, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá tún dá, kó mú fèrè rẹ̀ wọlé. Kò dárúkọ Làbákẹ́. Gbogbo wa sì mọ̀.

Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ni wọ́n ń pè wá. Ọ̀rọ̀ gígùn lásán. Àwọn tí ìyàwó wọn kò fẹ́ rí nílé lọ́jọ́ Sátidé ni wá. Àwọn kan ti bá Béjidé ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Àwọn kan wá láti inú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Ògúnṣẹ̀yẹ, tó máa ń ṣe rẹfirí. Èmi wá torí wọ́n ní wọ́n á máa se ẹ̀wà fún wa. Wọn ò se ẹ̀wà.

Ọjọ́ kìíní, ó tò wá sí ẹ̀bá títì, ó ní kí gbogbo wa di okùn kan mú. Ó fọn fèrè, pííí! Àwọn rélùwéè gbéra, torí bí gáàdì bá fọn fèrè, ọkọ̀ lọ nìyẹn. Àwọn oníbọ́ọ̀lù dúró gbagidi, torí bí rẹfirí bá fọn fèrè, eré dúró nìyẹn. Okùn kan náà ló wà lọ́wọ́ wa. Èmi tí mo wà láàrin, tí n ò mọ rélùwéè, tí n ò mọ bọ́ọ̀lù, inú gọ́tà ni mo bá ara mi.

"Kí lẹ dúró ṣe?" Béjidé pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ fọn fèrè, Bàbá!" Ògúnṣẹ̀yẹ ní.

"Mo fọn ọ́n kẹ́ ẹ lọ!"

"Ta ní í fọn fèrè kéèyàn lọ?"

"Láti Èkó dé Kánò, èmi ni!"

"Ẹ̀yin méjèèjì," mo ní láti inú gọ́tà, "ẹ bá mi fọn èyí tí wọ́n fi ń yọ èèyàn."

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní a ò lè kọ́ nípa èrò láìsí èrò. Ó lọ sí Ọjà Ọba, ó bẹ Nọ́síràtù tó ń ta ọṣẹ dúdú pé kó kó àwọn obìnrin ọjà wá, kí wọ́n wá máa tì wá.

"Ṣé lóòótọ́ lẹ ní ká tì yín?" Nọ́síràtù bèèrè.

"Ẹ tì wá dáadáa. Ẹ má ṣàánú wa."

"Kò ní dẹjọ́?"

"Kò ní dẹjọ́."

Nọ́síràtù tún ìró rẹ̀ ró, ó kọjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ní kò dẹjọ́!"

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n tì wá dé Ìdó-Ọ̀ṣun. Bàtà mi kan, títí dòní n ò rí i. Ìyàwó mi wà lára àwọn tó wá. Òun ló tì mí jù.

Ìgbà náà ni Béjidé yí ẹ̀kọ́ padà. Ó ní, "Ẹ gbàgbé fèrè. Ojú lẹ ó máa lò. Ẹ máa wò mí. Ohun tí mo bá ṣe, ẹ ṣe é. Ẹ má bi mí."

Èyí yé wa. Ó nawọ́, a nawọ́. Ó fà sẹ́yìn, a fà sẹ́yìn. Ó sín, a sín. Ó rọra lọ sẹ́yìn ògiri láti tọ̀, ó wẹ̀yìn, ó rí gbogbo wa.

"Ẹ padà! Èyí ò sí nínú ẹ̀kọ́!"

"Ẹ ní ká má bi yín, Bàbá," Ògúnṣẹ̀yẹ ní.

Làbákẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń wò wá. "Bàbá Abíọ́lá, ṣé àwọn wọ̀nyí ló máa dá ẹ̀mí mi sí?"

"Àwọn ni."

"Ẹ yáa bá mi kan pósí sílẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Béjidé kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹsẹ̀ tó nà sílẹ̀ yẹn, ó kọjú sí wa, ó ní ká tún un ṣe.

Ọjọ́ pé. A so aṣọ pupa mọ́ apá, a ta okùn sí kọ́nà. Àárọ̀ lọ dáadáa, àwa fúnra wa ń yangàn. Nígbà tó yá, àwọn tó ń bọ̀ láti Ọjà Ọba pàdé àwọn tó ti ń padà, kọ́nà dí pa. Ti iwájú kò rọ́nà lọ, ti ẹ̀yìn ń tì. Okùn já. Ọmọdé ń ké. Mo wo àárín, mo rí Làbákẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, níbi tó ṣubú sí gan-an lọ́jọ́ sí, ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Béjidé rí i. Ó gbé fèrè sẹ́nu. Ẹnì kan fi ìgúnpá gbá a, okùn ọrùn rẹ̀ já, fèrè fò sáàrin ẹsẹ̀ èèyàn.

Ó dojú bolẹ̀, ó nà, ó ń fọwọ́ wá a.

Àwa ń wò ó. Ohun tó bá ṣe, ká ṣe é, ká má bi í. A nà. Ọkùnrin tó so aṣọ pupa mọ́ apá, gbogbo wọn nílẹ̀ gbalaja! Ọmọ Yorùbá kì í sì í rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kó dúró máa bèèrè ìdí. Á kọ́kọ́ lọlẹ̀ ná. Ẹ ti gbọ́ èyí tó kù. Títì náà lọlẹ̀ láti kọ́nà dé ọjà, títì ń dákẹ́, ọmọdé gan-an dákẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró. Orúnkún Làbákẹ́ kò ká.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òun nìkan ló ga. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, kò, kò, kò, ó gba àárín wa, kò sẹ́ni tó fara kàn án. Ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìlú wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó dúró.

"Bàbá Abíọ́lá."

"Hùn."

"Ẹ kú ìdọ̀bálẹ̀ o. Ṣòkòtò yín ti ya nídìí."

Ó sì gba ọ̀nà odò lọ.

Nígbà tí gbogbo èèyàn dìde, ojú ń ti kálukú. Wọ́n ń gbọn eruku, wọ́n ń bi ara wọn pé Kábíyèsí dà. Ẹni tójú ń tì kì í ti ẹnìkejì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi tú ká. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dá. Fèrè, abẹ́ ikùn mi la ti rí i. Ikùn náà tóbi nígbà yẹn. Ẹ wò ó nísinsìnyí.

Ìjọ nìkan ni Béjidé sọ òótọ́ fún, àwọn ni kò sì gbà á gbọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ń sọ pé òun ti rò ó tẹ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ti di àlá tó lá ní Ìwàrà. Ó ń sọ ọ́, àwa ń mi orí. Ìgbà míì, èmi náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe lọ́jọ́ náà.

Ó kú ní 1978. Ìwàrà la sin ín sí, àwa la gbé pósí. Ògúnṣẹ̀yẹ ní kò dáa ká má fọn fèrè rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó fọn ọ́n. Àwọn rélùwéè gbéra, àwọn oníbọ́ọ̀lù dúró, pósí yí bírí láàrin wa. Àlùfáà pa ojú dé. Làbákẹ́ lórí àga bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di omi lójú, kò nù ún.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ," ó ní. "Ọkọ̀ ti kún."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdún yẹn ni mo máa ń rántí jù. Mo mú fèrè lọ fún Béjidé nílé. Mo bá òun àti Làbákẹ́ nídìí odó. Làbákẹ́ jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ kan, ọmọ odó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Béjidé dúró, ó mú ọmọ odó kejì. Ọwọ́ wọn kò bára mu rárá.

"Bàbá Abíọ́lá, ẹ dúró ná!"

"Mo ní kó o máa lọ!"

Mo rántí gọ́tà, mo fà sẹ́yìn. Béjidé rí mi. Bínú rẹ̀ bá dùn, ọ̀rọ̀ Ìwàrà ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. "Wá jókòó," ó ní. "Usu mà rè é!" Iṣu ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Iyán ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Kókó inú rẹ̀ tóbi tó ẹyin àdàbà. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, kò yọ kókó kan dànù.