Ọjọ́ Tí Wọ́n Dáná Sun Ilé Kòwọlé

Pápá ìṣeré kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Soundview níbí, ní Bronx. Bí òtútù bá ti dínkù, àwọn géńdé á kóra jọ síbẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé láti gbá bọ́ọ̀lù. Mo fẹ́ràn láti máa gbọ́ ariwo wọn, títí di ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé. Gbogbo wọn á hó lẹ́ẹ̀kan náà, àyà mi á já, màá sì dìde lọ ti fèrèsé. Àwọn ọmọ mi rò pé atẹ́gùn ni mi ò fẹ́.

Sátidé tó kọjá, Tẹniọlá, ọmọ ọmọ mi tó wà ní yunifásítì, wà lọ́dọ̀ mi. Níbí ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú. Ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó ní olùkọ́ àwọn ní kí àwọn kọ àròkọ lórí bóyá ìlú tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù, lè gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní líìgì tó ga jù lọ. Ó ti ń ṣírò iye èèyàn àti iye ìjókòó. Ó wá bi mí bóyá ìlú wa nílé ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní ó ní in, kó pa kọ̀ǹpútà náà dé.

Ìlú wa kì í ṣe Ìbàdàn, kì í sì í ṣe abúlé. Igi gẹdú ló sọ ọ́ di ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ́míìlì tí wọ́n ń la igi ló kọ́kọ́ kó ara wọn jọ láti máa gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń borí, wọ́n ń borí, títí wọ́n fi gòkè dé líìgì àwọn ìlú ńláńlá. Ọ̀gá sọ́míìlì fi pákó kan ìjókòó yí pápá ká. Pákó náà ṣì tútù, oje rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ìdí ṣòkòtò àwọn ọkùnrin. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, ló rán jẹ́sì wọn. Ó dorí nọ́ńbà mẹ́fà kodò lára ọ̀kan, ni ẹni méjì tó wọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án bá wọ pápá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ìyá ìjọ wa ń se oúnjẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ́ dá ìgbéyàwó sí Sátidé tí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé.

Bàbá ọ̀rẹ́ mi Dúpẹ́ ni gólì wa, òun ló ń ṣọ́ ojú ilé. Èmi àti Dúpẹ́ jọ ń jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà ní ilé ìwé. Kòwọlé ni gbogbo ìlú ń pe bàbá rẹ̀, torí bọ́ọ̀lù kì í kọjá rẹ̀ wọlé. Dúpẹ́ ní tí bàbá òun bá pẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ìyá òun á bi í bóyá bọ́ọ̀lù ni kì í wọlé, àbí bàbá gan-an. Ọwọ́ Kòwọlé fẹ̀ bí àwo. Ó máa ń bó ọsàn fún wa, èèpo rẹ̀ kì í já láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ní ọdún kejì tí wọ́n dé líìgì náà, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wa rọ. Ó wá ku eré kan ṣoṣo. Tí a bá ti lè ta ọ̀mì, a kò ní já kúrò ní líìgì náà. Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ yẹn. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, ọ̀kan nínú àwọn àlejò gbá bọ́ọ̀lù kan tí kò le rárá. Kòwọlé tẹ̀ ba láti mú un. Bọ́ọ̀lù náà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa wá sọ pé, “Ó ti tà wá.”

Ẹlòmíràn ní òun rí Kòwọlé pẹ̀lú àlejò kan nínú mọ́tò lánàá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, a padà mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ìyẹn? Wọ́n ń fa pákó ìjókòó tu tìṣótìṣó. Wọ́n gbá rẹfirí lójú, ó ṣubú, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Wọ́n wọ́ ọkùnrin kan jáde nínú bọ́ọ̀sì àwọn àlejò, wọ́n lù ú títí kò fi lè pariwo mọ́, wọ́n sì dáná sun bọ́ọ̀sì náà. Bàbá mi kì í na wa nílé. Mo rí i tó gbé òkúta, tó sì jù ú. Mi ò mọ ẹni tó bà.

Kòwọlé ti fo ògiri sá lọ. Ọwọ́ èmi àti bàbá mi já nínú èrò, èrò náà sì gbé mi dé oríta. Ibẹ̀ ni ọkùnrin sọ́míìlì kan ti lóṣòó síwájú mi. Apá rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ ilé Kòwọlé?”

Mo ní, “Mo mọ̀ ọ́n. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni.”

Ó fọwọ́ pa mí lórí. Mo ṣíwájú, àgbàlagbà bí ọgọ́ta ń tẹ̀ lé mi. Inú mi dùn. Mi ò ní parọ́: inú mi dùn pé àgbà ń tẹ̀ lé mi.

Wọ́n da kẹrosíìnì sí ilẹ̀kùn. Ìyá Dúpẹ́ ti ọmọ rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde, òun fúnra rẹ̀ sì há sínú èéfín. Inú kíláàsì kan ní ilé ìwé wa ni Kòwọlé sá pamọ́ sí. Nígbà tó rí èéfín, ó sáré padà wá. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mú ìyàwó òun jáde. Wọ́n dá a dọ̀bálẹ̀. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí òkúta tí ìyàwó rẹ̀ fi ń fọṣọ, wọ́n sì ń fi pákó lù ú. Mo gbọ́ ìró egungun.

Ìyá àgbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé wa ló bẹ́ sórí rẹ̀, tó fi ara bò ó. Wọ́n lu òun náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ABD. Ó ń pè wọ́n lórúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tó bá ń pe orúkọ ní kíláàsì, ọwọ́ wọn sì ń rọ. Àwọn méjì wọ inú iná lọ gbé ìyá Dúpẹ́ jáde, apá rẹ̀ ti jóná. Dúpẹ́ wò yíká, ó rí mi láàárín àwọn àgbà, ó sì sáré wá dì mọ́ mi. Nínú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Dúpẹ́ àti àwọn òbí rẹ̀ lò nílé wa. Bàbá mi kò lè bá wọn jókòó jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ akẹ́rù kan wá gbé wọn. Kí Dúpẹ́ tó gun ọkọ̀, ó bi mí pé, “Ta ló fi ilé wa hàn wọ́n?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀.”

Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀gá sọ́míìlì kọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, àwọn èèyàn sì jí pákó ìjókòó tó kù kó lọ ṣe ilẹ̀kùn. Títí di òní, tí àwọn ará ìlú wa bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Morris Heights, ní Bronx níbí, wọ́n á ní ìlú wa ló kéré jù fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Pápá ń kún. Oúnjẹ kò wọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù náà rí. Ìlú wa tó láti bọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń borí. Àtigbà wọ́n sílé lọ́jọ́ tí wọ́n pàdánù ni kò tó. Ní ayé òde òní, kámẹ́rà àti ọlọ́pàá wà lẹ́nu ọ̀nà pápá, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí ṣì ń wá ilé tó máa lọ, ọmọ tó fẹ́ kí àgbà fọwọ́ pa òun lórí kò sì tán láyé.

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní ọkọ mi pàápàá, kó tó di Sátidé yẹn. Tẹniọlá di ọwọ́ mi mú. Ó wá ní, “Màmá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ jẹ́ nígbà yẹn.”

Mo ní mo mọ̀. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Dúpẹ́ náà.