Àpò Mẹ́wàá ni Fítà Wí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ohun tí wọ́n pa dé tí n kì í fẹ́ ṣí wò. Mo ti tú àtùpà ìyá mi palẹ̀ rí, kí n lè mọ ọ̀nà tí epo ń gbà gòkè dé orí òwú. Nítorí náà, kí ó má yà yín lẹ́nu pé èmi ọmọbìnrin ni mo jókòó ti fítà fún odidi ọjọ́ mẹ́rin tí ó fi pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ilé wa. Láìpẹ́ yìí, níbi ìsìnkú kan nínú ìdílé wa, àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi tún ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé èmi ni mo ba ọkọ̀ náà jẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti dákẹ́. Ó tó.

Ẹ̀gbẹ́ Lálúpọn ni abúlé wa wà. Bàbá mi àti àbúrò rẹ̀, tí gbogbo àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Kékeré, ni wọ́n jọ ni píkọ́ọ̀pù kan tó ti darúgbó kí wọ́n tó rà á. Bàbá mi ń dáko ẹ̀gẹ́. Bàbá Kékeré ló ń wa ọkọ̀, tó ń kó gàrí àwọn ìyá agboolé lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú pátápátá, wọ́n wá irú rẹ̀ tì. Èyí tí wọ́n rí ni ti mọ́tò kékeré kan tí tíṣà àgbà kan pa tì sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó kéré sí tiwa, ó sì tún dàgbà jù ú lọ. Adìyẹ ti fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ìtẹ́. Fítà, bí a ti ń pe àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe nígbà náà, kọ́kọ́ kó ẹyin mẹ́fà kúrò kí ó tó fi sípánà kàn án.

Wọ́n so ẹ̀wọ̀n irin mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, wọ́n sì fa ẹ́ńjìnnì ńlá jáde bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fa eyín. Nígbà tí wọ́n rọ kékeré náà sílẹ̀ sí àyè rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àlàfo yí i ká débi pé ọmọdé lè dúró síbẹ̀. Kí ni yóò dì í mú? Mo ń rò ó, mo ń yí i po. Fítà gé irin bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ó fi ṣe ìjókòó fún un. Abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀ kí omi inú rẹ̀ lè tutù, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn ti jìn jù síra. Ó tú rédíétọ̀, ó sún un wá sẹ́yìn. N kò jẹ́ kó sinmi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni kékeré yìí ṣe máa fa ọkọ̀ ńlá yìí?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o kì í pọn omi ni?"

"Mo máa ń pọn ọ́n, sà."

"Ṣé ìkòkò ìyá ẹ lo fi ń pọn ọ́n?"

"Rárá o! Ọrùn mi á ṣẹ́."

"O ò ti dá ara ẹ lóhùn? Bí ẹrù bá mọ níwọ̀n, yóò gun òkè. Àpò mẹ́wàá ni."

Ẹ́ńjìnnì tó kú máa ń gbé ogún. Fítà sọ fún Bàbá Kékeré lójú mi pé àpò gàrí mẹ́wàá ni ti kékeré yìí. Bàbá Kékeré kan bú sẹ́rìn-ín ni: "Fítà, ojo ni ẹ́! Ọkọ̀ ọkùnrin nìyí!" Nígbà tí Bàbá Kékeré lọ tán, fítà gbé ọ̀dà funfun díẹ̀ fún mi pé kí n kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, kí ojú rẹ̀ lè máa bá a pàdé lárààárọ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: ÀPÒ MẸ́WÀÁ NI. MÁ FI KÚN UN. N kò sọ fún fítà pé Bàbá Kékeré kò mọ̀wé. Ọmọdé kì í tú àṣírí àgbà.

Láyé ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ akẹ́rù tí kì í ní àdúrà tàbí òwe lára. Nígbà tí Bàbá Kékeré rí ìkọ̀wé mi, inú rẹ̀ dùn gan-an. "Ọkọ̀ tèmi náà ti ń sọ̀rọ̀!" Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ilẹ̀kùn náà: "Àmín o! Àmín àṣẹ!" Kò bi mí léèrè ohun tó ń ṣe àmín sí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi kó ogún àpò. Òkè tó wà lẹ́yìn odò, lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ni ẹ́ńjìnnì ti kérora, tó sì dákẹ́. Ọkọ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń bọ̀, ó fi ìdí kan igi ẹ̀gbẹ́ afárá odò náà, àwọn àpò sì ṣubú sínú omi. Kò sí ẹni tó kú. Ẹja ló mu gàrí lọ́jọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fa ọkọ̀ dé, gbogbo agboolé sì pé yí i ká. Àwọn ìyá tó ni gàrí ń sunkún. Bàbá Kékeré na ìka sí mi. "Ọmọbìnrin yìí ló gbé ẹsẹ̀ ré ẹ́ńjìnnì kọjá nígbà tó wà nílẹ̀. Èèwọ̀ ni, ó sì ṣojú mi!"

Òótọ́ ni. Mo ré e kọjá, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tó wà lódìkejì. N kò sẹ́.

"Ìwé ló ń gùn ún," ni ìyá àgbà kan wí.

"Ọmọbìnrin tó ń yọjú sábẹ́ ọkọ̀, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ẹ yọ ọ́ níléèwé, kó wá bẹ ẹ̀gẹ́ dí gàrí tó sọnù," ni òmíràn fi kún un.

Mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nígbà náà, ìdánwò sì ti sún mọ́. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí bàbá mi ka ohun tó wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀."

Nínú gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀, bàbá mi nìkan ló mọ̀wé. Òun ló ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Ojoojúmọ́ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn kọjá lọ sóko. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀.

"N kò mú awò ojú mi dání," ló wí.

Awò náà wà nínú àpò dàńṣíkí rẹ̀. Mo ń wo apá kan rẹ̀ tó yọ síta. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí mo kọ tó àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn.

Ọdún kan gbáko ni mo fi bẹ ẹ̀gẹ́, tí mo fi yan gàrí, tí mo ń gbọ́ aago iléèwé lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti padà sọ́nà, àpò mẹ́wàá ni wọ́n ń kó sí i. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ń dúró tì wọ́n bí wọ́n ti ń dì í, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ gun òkè yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ẹnì kan tó bèèrè ibi tí èèwọ̀ ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ sí.

Nígbà tó yá, bàbá mi mú mi padà síléèwé. Iwájú ló wà, èmi ń tẹ̀ lé e títí a fi dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ ogbó, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ lóòótọ́, èmi ló ní kí n máa ka Bíbélì fún òun. Mo kà á. N kò wá awò tì.

Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọbìnrin ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ nísinsìnyí, wọ́n ń tún un ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n bóyá wọ́n ré nǹkan kọjá. Kò sí agboolé tí ẹni tó mọ̀wé kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Bàbá Kékeré náà mọ̀wé. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ni wọ́n fi dí ẹnu ilé adìyẹ tó wà lẹ́yìn ilé bàbá yín. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú awò yín dání.