Bébà Olójú Méjì Ilé Dáhùnsí

Ẹni tó bá ní òun gbé Malu Road láàrin ọdún 2000 sí 2015, tí kò sì mọ Morìnsọ́lá Dáhùnsí, ẹni náà kò gbé ibẹ̀, ó kàn fi mọ́tò gba ibẹ̀ kọjá ni. Obìnrin tó ń rán tápólì ni, aṣọ líle tí àwọn awakọ̀ tírélà fi ń bo ẹrù. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn tó ṣíbí ọbẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti le débi pé ó lè fi ṣí ìdérí ìgò. Bó bá rán tápólì kan tán, òjò tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè. Láti Creek Road títí dé ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù ní Kirikiri, Màmá Tápólì làwọn awakọ̀ ń pè é. Ìyá Inúmidùn ni lẹ́nu àwọn ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n ká tó lè sọ ti obìnrin yìí, àfi ká kọ́kọ́ sọ ti àwọn bébà tó fi ara rẹ̀ jìn fún, nítorí bí a bá yọ bébà kúrò nínú ayé rẹ̀, ìdajì ayé náà ti lọ.

Bàbá ọkọ rẹ̀, Àlùfáà Dáhùnsí àgbà, ló dá ṣọ́ọ̀ṣì wọn sílẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ lọ́dún 1954, nígbà tí ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn ibẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ iṣẹ́, èbúté Àpápá ló ti ń ka ẹrù tó ń bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun. Lọ́jọ́ Ìsinmi, orí pẹpẹ ló wà. Ohùn bàbá náà kì í ṣe kékeré! Bó bá ń wàásù, àwọn atukọ̀ tó wà lójú omi lọ́hùn-ún a máa ṣe àmín sí Yorùbá tí wọn kò gbọ́. Ibi iṣẹ́ yẹn náà ló ti ń rí bébà, àwọn bébà búráùn nípọnnípọn tí wọ́n fi ń tẹ́ inú àpótí ẹrù, tí wọ́n ń dà nù bí àpótí bá ti ṣófo. A máa kó wọn wálé, a máa fi sísọ́ọ̀sì gé wọn dọ́gba, a sì máa kọ ìwàásù rẹ̀ sí i. Ojú kan ṣoṣo ló ń kọ. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tó ń fi ẹ̀yìn bébà ṣòfò, a ní, "Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ló lẹ̀yìn."

Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni Adéjùwọ́n, ọmọ rẹ̀, ọkọ Morìnsọ́lá. Nígbà tí òun náà di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, tó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ bàbá, kò ra bébà tuntun. A máa mú ọ̀kan nínú ìwàásù bàbá rẹ̀, bó bá kà á tán, a yí i padà, a kọ ti ẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà mìíràn, ó gbà fún bàbá rẹ̀. Ìgbà mìíràn, ó ń bá a jiyàn, ṣùgbọ́n bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń jiyàn ni, a kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná: "Bàbá mi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n..." Bàbá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì a jókòó níwájú, a máa rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. Bí ojú bébà kan ṣe di ti bàbá nìyẹn, tí èkejì di ti ọmọ, bàbá sì kú ní ìrọ̀rùn.

Ìgbà tó di ọdún 2006, òjò kan rọ̀ nínú oṣù ààwẹ̀. Ẹja ń wọ ilé lọ́jọ́ náà láìkan ilẹ̀kùn. Àgbàrá gba mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà ní àdúgbò, ó gbé ẹní, ó gbé bùtà, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó sanwó ilé. Alhaja Rekiat, aládùúgbò Morìnsọ́lá, ọmọ onílẹ̀ tí bàbá ńlá wọn ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, dúró nínú omi tó dé orúnkún, kò mọ ibi tí òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ yóò ti kírun. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lórí ilẹ̀ gíga. Adéjùwọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu, ó ní kí wọ́n máa wọlé. Wọ́n kírun níbẹ̀ títí omi fi fà.

Omi fà, ọ̀rọ̀ kún. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní ó ti ba ibi mímọ́ jẹ́. Wọ́n gba kọ́là àlùfáà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ po sìmẹ́ńtì rẹ̀. Adéjùwọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ sí yáàdì tírélà kan ní Creek Road, ó ń wàásù fún àwọn awakọ̀ láàrin táyà àti ọ́ìlì dúdú, ó sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn bébà bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ló wà tí àìsàn fi mú un lọ lọ́dún 2011. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì kò dún fún un, ó tì.

Ohun tó kù fún Morìnsọ́lá kò ju bébà. Ó fi tápólì tó dára jù lọ́jà rán àpò kan fún wọn, ìpele méjì lórí ara wọn, ó sì so ó kọ́ òkè àjà. Ọdọọdún ni omi ń wọlé wá, tó ń gbé bàtà, tó ń gbé ìkòkò, tó ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́. Kò kan bébà kankan.

Ọdún 2014 ni ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe àjọ̀dún ọgọ́ta ọdún. Alàgbà Ọbalọlá, tó ń báni gba ẹrù jáde ní èbúté, tó sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ àjọ̀dún, wá sílé Morìnsọ́lá lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìyá Inúmidùn, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, Alàgbà. Ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀!"

Ọbalọlá fò sókè bí ẹni tí àkeekèé ta. Alhaja Rekiat, tó wà ní igun yàrá tó ń jẹ ẹ̀pà, bú sẹ́rìn-ín. "Alàgbà, ẹ rọra o. Abẹ́rẹ́ Morìnsọ́lá kì í mọ alága."

Ọbalọlá nu ojú, ó là á kalẹ̀: wọ́n fẹ́ gbé ìwàásù Bàbá Àgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, nínú gíláàsì, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lè mọ ẹni tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba kọ́là, kò sí ará ṣọ́ọ̀ṣì kan tó jókòó nínú yàrá yẹn. Morìnsọ́lá gun àga, ó já àpò náà wálẹ̀, ó tú u.

Ọbalọlá mú bébà kan, ó rí ọwọ́ ìkọ̀wé àgbàlagbà náà, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó yí i padà. Ojú rẹ̀ pa dé bí ìsọ̀ tí agbowó-orí ń bọ̀ lọ́nà rẹ̀.

"Ojú tí Bàbá kọ nìkan la nílò," ó ní. "A ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ pátákó."

"Gọ́ọ̀mù kẹ̀?"

"Gọ́ọ̀mù tó dáa ni. Kò ní ṣí láéláé."

"Ẹ fẹ́ fi gọ́ọ̀mù bo ọkọ mi lẹ́nu, Alàgbà."

"Ẹ má sọ ọ́ báyẹn, Ìyá Inúmidùn. Bàbá ló dá ìjọ sílẹ̀. Ọmọ... ẹ mọ bí ti ọmọ ṣe jẹ́."

"Bí ti ọmọ ṣe jẹ́ ni pé ó jẹ́ ká rí ibi forí balẹ̀," ni Alhaja Rekiat sọ.

"Alhaja, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lèyí."

"Mo mọ̀. Mo ti débẹ̀ rí. Ibẹ̀ tutù, ó mọ́, àfi fáànù yín tó ń pariwo ju yín lọ."

Morìnsọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, orúkọ bàbá ọkọ òun kò ní sí nínú ilé tó kọ́. Bí òun bá sì gbà, ohun tí ọkọ òun fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ yóò dákẹ́ sínú gọ́ọ̀mù. Ó na bébà kan sí Ọbalọlá. "Ẹ bá mi ka eléyìí ná. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ."

Ta ló lè ní kí Ọbalọlá kàwé kó kọ̀? Ọkùnrin tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ ju ẹran lọ! Ó dìde, ó wọ dígí, ó gbé ohùn sókè. Ìwàásù lórí ọkọ̀ Nóà ni. "Olúwa sì sé ilẹ̀kùn ọkọ̀! Ẹni tó wà nínú rẹ̀ là, ẹni tó wà lóde rì. Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ omi, ẹ wọlé kí ilẹ̀kùn tó tì!" Àwọn tó ń kọjá lójú títì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí ojú fèrèsé. Awakọ̀ kan pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ wọ Ọbalọlá lára débi pé nígbà tó ka ìlà tó gbẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ yí bébà padà bí ọwọ́ gbogbo èèyàn ṣe ń ṣí ìwé, ó sì ń bá a lọ:

"Bàbá mi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ta ló ti ilẹ̀kùn? Olúwa ni! Nóà ò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ Nóà ni kó kan ọkọ̀, kó sì gba ohunkóhun tí Ọlọ́run bá rán wá, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ó bi erin léèrè irú àdúrà tó ń gbà bí?"

"Rárá o!" ni àwọn tó wà lójú fèrèsé dáhùn. "Àmín!"

Ìgbà yẹn ni Ọbalọlá gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Ó bọ́ dígí.

"Ọwọ́ mi ló yí i," ó ní wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo rí i, Alàgbà. Mi ò ní kí ẹ yìn ín. Ẹ ṣáà má lẹ̀ ẹ́ pa. Èmi ni màá wá férémù tí yóò gbé e."

Ọbalọlá wo bébà náà títí. "Màá bá ìgbìmọ̀ sọ ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n wọn ò ní fẹ́ ẹ o." Ó jáde láìmu omi.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Morìnsọ́lá ti wà ní ṣọ́ọ̀bù Godfrey, jórinjórin tó wà ní ìsàlẹ̀ Malu Road, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí Adéjùwọ́n wàásù fún ní yáàdì. Ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́: férémù onírin tó ní ẹsẹ̀, tó lè dá dúró, gíláàsì níwájú, gíláàsì lẹ́yìn, bébà ìwàásù Nóà láàrin. Godfrey fi irin ẹ̀gbẹ́ tírélà kan tó ti dógùn-ún ṣe é. Nígbà tó jó o tán, ó ga ju Godfrey fúnra rẹ̀ lọ, kìnnìún ò lè bì í ṣubú.

"Mama, this one no be frame o. Na gate."

"Ṣé ó máa dúró ṣá?"

"E go stand pass the church self."

Ìgbìmọ̀ gbà, pẹ̀lú ìkùnsínú, pé àwọn kò ní lẹ bébà. Àwọn awakọ̀ fi ọkọ̀ gbé férémù náà lọ. Ọjọ́ àjọ̀dún dé, Morìnsọ́lá wọ ṣọ́ọ̀ṣì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2006. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí i. Wọ́n ti tì í mọ́ ògiri pinpin: ojú bébà tó jẹ́ ti bàbá kọjú sí ìjọ, èyí tó jẹ́ ti ọmọ kọjú sí bíríkì. Kò sí àyè tí aláǹgbá lè gbà sẹ́yìn rẹ̀.

Ó rìn tọ Ọbalọlá lọ. Ọbalọlá kò wo ojú rẹ̀. "Wọ́n ní yóò dí ọ̀nà, Ìyá Inúmidùn. Ẹ ṣáà rí i pé a ò lẹ̀ ẹ́."

Òótọ́ ni, wọn kò lẹ̀ ẹ́. Ó lọ jókòó. Wọ́n kọ orin, wọ́n ka ẹsẹ Bíbélì, wọ́n dárúkọ gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nínú ìjọ láti ọdún 1954, títí dé ẹni tó ń gbá ilẹ̀. Wọn kò dárúkọ Adéjùwọ́n. Morìnsọ́lá rò ó pé bí òun bá dìde báyìí, wọn yóò lé òun jáde bí wọ́n ṣe lé ọkọ òun, àwọn ọmọdé á sì máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bí òun bá sì jókòó, òun náà ni gọ́ọ̀mù. Ó dìde. Ó rìn dé ìdí férémù lójú gbogbo ènìyàn, ó di irin rẹ̀ mú, ó fà á.

Kò mì.

Ó tún fà á. Ẹnìkan nínú akọrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ọ́ṣà tó ń fi èèyàn sí ìjókòó sáré dé, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó." Morìnsọ́lá ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn pátápátá, níbi tí àwọn awakọ̀ Creek Road jókòó sí nínú aṣọ tí wọ́n fọ̀ lálẹ́ àná, Godfrey dìde. "Mama, leave am. Your waist!" Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú. Oníwàásù tí wọ́n pè láti òkèèrè di Bíbélì mọ́ àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè.

Ọbalọlá náà dìde lórí àga ńlá. Gbogbo èèyàn ló rò pé ó fẹ́ lé wọn ni, àwọn kan ti ń mi orí sí i. Ó ká apá agbádá sí èjìká, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ férémù kan mú. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má wọ́ ọ nílẹ̀! Gíláàsì ni! Ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e!"

Wọ́n gbé e, ó di àárín ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ìyàwó àti ọkọ ti máa ń dúró. Ó dí ọ̀nà lóòótọ́. Oníwàásù yẹn ní láti máa yọ orí ní ọ̀tún, kó tún yọ ọ́ ní òsì, kó tó rí ìjọ. Àwọn kan bínú jáde, wọn ò sì padà wá lọ́jọ́ náà. Àwọn tó kù, bí ìsìn ṣe parí, wọ́n tò síwájú férémù, wọ́n ń fi ìka tọ ìlà bàbá àgbà lórí gíláàsì.

Morìnsọ́lá kò bá wọn tò. Ẹ̀gbẹ́ férémù ló dúró sí, ọwọ́ kan lórí irin. Ẹni tó bá ti kà á tán, tó fẹ́ máa lọ, a rọra fà á lápá.

"Ẹ yí síhìn-ín," ó ń sọ. "Kò tíì tán."