Ó Gbé Mi

Òórùn sìmẹ́ntì tútù ló máa ń gbé Ìkòtún ìgbà náà padà wá bá mi. Owó epo ti dé, gbogbo ẹni tó bá ti rí díẹ̀ gbà ló ń kọ́lé, igbó tí à ń dẹ pakúté sí tẹ́lẹ̀ sì ti ń hu pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwa bíríkìlà ò ráyè sinmi. A ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà sì ní alága kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí a fẹ́ràn débi pé bó bá sín, àwa là ń nu imú.

Ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀ kò ṣòro. Òun ló fi àṣà kan lélẹ̀ láàárín wa: bí a bá ti de pákó mọ́ ọparun tán, tí a fẹ́ máa dúró lé e to búlọ́ọ̀kù lókè, alága ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. Yóò rìn ín dé òpin, yóò fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀, yóò wá ké sí wa pé, "Ó gbé mi o." Bí a ò bá tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ọparun. Ọkùnrin tó lè fi ara tirẹ̀ dán ikú wò kó tó kàn mí, kí ni n ò ní ṣe fún un?

Owó epo dé ọ̀dọ̀ alága náà. Ó ra ọkọ̀ ìjàpá, ikùn rẹ̀ yọ, agbádá ò kúrò lọ́rùn rẹ̀ mọ́, agbádá ò sì ṣeé gun ọparun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró nílẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Ó gbé mi o." A rẹ́rìn-ín, a rò pé ó ń ṣeré ni, a sì gòkè lọ. Kò pẹ́, inú ọkọ̀ ló ti ń sọ ọ́. Nígbà yẹn, a ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ni pákó yí dànù, ní ilé kan lọ́nà Ẹ̀gbẹdá. Abẹ́ alága lèmi àti ẹ̀ ti jọ kọ́ṣẹ́. Okùn tí wọ́n fi de ọparun ti jẹrà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gùn ún dán an wò ìbá ti mọ̀. Ìbàdí rẹ̀ fọ́, kò sì lè dá dìde jókòó mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ò béèrè ju pé kí ẹgbẹ́ yọ alága nípò, kó má baà pa ọkọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yìnkùlé ọ̀rẹ́ mi la ti ṣèpàdé, torí òun fúnra rẹ̀ ò ṣeé gbé. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní láàárín wa. Mo dìde, mo ní ilẹ̀ ni alága wà lọ́jọ́ náà tó fi ní ó gbé òun, gbogbo wa la rí i. Alága ò tiẹ̀ bínú. Ó kàn yíjú sí orí ẹní.

"Àbúrò, níbo lo ti gbọ́ ohùn mi?"

Ọ̀rẹ́ mi gbójú sókè wò ó. "Òkè ni, ọ̀gá. Òkè lẹ wà."

"Bàbá ọmọ mi, òkè wo?" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ẹgbẹ́ ní mo ba alága lórúkọ jẹ́. Kí n dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, àbí kí n kó irinṣẹ́ mi kúrò ní Ìkòtún. Mo lọ́mọ nílé, mo dọ̀bálẹ̀. Bí àyà mi ṣe kanlẹ̀ ni ojú èmi àti ọ̀rẹ́ mi dọ́gba. Omijé rẹ̀ ń ṣàn wọ etí.

"Òun ló kọ́ wa níṣẹ́ jàre," ló rọra sọ fún mi. "Ta ni mo tún ní?"

Orí ipò yẹn ni alága kú sí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀gá látìgbà náà, nínú ẹgbẹ́ àti nínú ìjọba, tí wọ́n ń fi ẹnu lásán rán ènìyàn gòkè. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ìbẹ̀rù ló ń mú irú wọn dúró. Ìbẹ̀rù ìbá sàn, torí ìbẹ̀rù a máa tán lọ́jọ́ kan. Ìfẹ́ tí ẹni tí wọ́n ti ṣẹ́ ní ìbàdí ṣì ní sí wọn ló ń mú wọn dúró, n ò sì mọ oògùn rẹ̀.