Ọdún Tí A Fi Sìmẹ́ńtì Wọ Ilé Àgùdà

Òórùn amọ̀ tútù ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí òjò àkọ́rọ̀ kò sì tíì dé, òórùn náà á gba gbogbo ọgbà yunifásítì kékeré tí mo ti ń kọ́ni ní Ìfọ̀nyìn, á wọ kíláàsì, á bá wa jókòó. Amọ̀ pupa tí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ màlúù ni. Má rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn yẹn rí kì í pè é ní òórùn ìdọ̀tí.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló wà láàárín ọgbà náà, ó sì ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan yunifásítì. Oníṣòwò epo pupa kan ló kọ́ ọ. Àwọn mọlémọlé Àgùdà láti Àjàṣẹ́, ìran àwọn tó ti Bùràsílì padà dé, ló bá a mọ ọ́n, amọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n sì fi òdòdó amọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí orí gbogbo fèrèsé. Nígbà tí ẹbí fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún: kí àwọn obìnrin ilé máa wá rẹ́ ògiri náà lọ́dọọdún, bí wọ́n ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó lọ́kọ sí àwọn ìlú ìtòsí, Banigbé àti Tchaada, á padà wálé, wọn á ká ìró sókè, wọn á máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa amọ̀ mọ́ ògiri, wọn á sì máa sọ ọ̀rọ̀ ọkọ wọn débi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní gbọ́ ohun tí mò ń kọ́ wọn mọ́. Ìyá àgbà, ọmọ oníṣòwò epo náà gan-an, á jókòó sórí àpótí, á máa na ìka síbi tí ọwọ́ kò tíì dé.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Dirẹtọ̀, fẹ́ràn ilé yẹn ju ilé ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè rẹ̀ ní Kútọnu fẹ́ wó o, kí wọ́n lè kọ́ anfi sí i, gbọ̀ngàn ńlá tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sí. Ọ̀kan nínú wọn wá wò ó. Ó fara kan ògiri, amọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ, ó sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Dirẹtọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n gbà pé àwọn á padà wá lẹ́yìn òjò; bí ilé náà bá ti gbó jù, kò sí àrọwà mọ́.

Bí Dirẹtọ̀ ṣe kó àwọn mọlémọlé wá nìyẹn, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì wọ ilé náà láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì kùn ún ní funfun. Kò ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́. Ó pe ẹbí, inú gbogbo wa sì dùn. Àwọn obìnrin tí iṣẹ́ náà ti sú jó. Ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, o ti gba ọwọ́ wa lọ́wọ́ amọ̀. Ọlọ́run á gba tìrẹ náà lọ́wọ́ wàhálà."

A ṣe àmín.

Òjò dé. Omi gba inú ilẹ̀ àti ojú ihò òrùlé wọ inú ògiri, bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, oòrùn á fà á jáde lára amọ̀, ògiri á sì gbẹ. Sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kó jáde. Lóde, ilé ń dán. Nínú, ó ti rọ̀ bí àkàsà inú ewé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ jẹun, mo gbọ́ ìró kan tí kò tilẹ̀ le, bíi ti ẹni tó sanra tó jókòó lójijì. Ògiri ìhà ìlà-oòrùn ti kúnlẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni. Dirẹtọ̀ sáré dé, ó ṣa èèpá sìmẹ́ńtì kan, ó yí i padà.

"Ó tutù," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí mò ń yangàn yìí, omi ló wà nínú rẹ̀."

Kò sí àríyànjiyàn kankan mọ́. Katapila ló kó ìyókù. Wọ́n gbé Dirẹtọ̀ lọ síbòmíràn, kò sì fẹ́ kí a dárúkọ ilé yẹn létí òun.

Nígbà tí ọyẹ́ tún ń lọ, anfi oníbúlọ́ọ̀kù ti dúró síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí Ìyá àgbà, síbẹ̀ ó wá, pẹ̀lú amọ̀ pípò nínú àwo kékeré kan. Mo fà á lọ́wọ́ dé ìdí ògiri tuntun náà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Èyí ò fi wá ṣe nǹkan kan," ó ní, ó sì ní kí n bu omi fún òun fọwọ́.

Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Iṣẹ́ ọdọọdún yẹn ni gbogbo wa kà sí àìsàn ilé náà, àṣé òun gan-an ni ẹ̀mí rẹ̀. A fi ìfẹ́ pa á ni, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bá wí. Àwọn ọmọ ilé kì í padà wá láti Tchaada mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe? Ìyá àgbà náà ti fi ayé sílẹ̀. Inú anfi yẹn ni mo ti ń kọ́ni báyìí. Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo máa ń ṣí gbogbo fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ òórùn kankan.